Wọ̀n Mí Bí Màá Ṣe Rí

Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdérí kúlà oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ni, ó ń fi ṣíbí wá ibi tí ẹran fara pa mọ́ sí nínú ìrẹsì, nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ṣókùnkùn bí ìgbà tí ẹnì kan gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí i. Kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni, ọkùnrin tó ń ta ṣìmẹ́ǹtì ní òpópó kejì, tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, tí kò sì sí ohun tó wà láyé yìí tí kò mọ̀. Télọ̀ dé oúnjẹ rẹ̀ padà, ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín àwọn àjákù aṣọ, nítorí àna ni àna ń jẹ́: bí ó bá ní ọ̀sán ti di òru, fìtílà là á lọ wá.

“Dìde, ọkọ àbúrò mi. Òwú ti lẹ̀ mọ́ ọ níwájú orí.”

“Ẹ káàsán, Ẹ̀gbọ́n. Ará ilé ńkọ́?”

“Wọ́n wà. Wọ́n ń jẹun.” Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ pé wọ́n ń ṣàìsàn. “Aṣọ nìyí.”

Ó fa aṣọ náà yọ nínú ọ̀rá. Aṣọ dúdú tó ń dán bí omi inú kànga ni, ó wúwo, ó sì rọ̀. Télọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò kí ó tó fọwọ́ kàn án.

“Ọmọ mi fúnra ẹ̀ ló rà á níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní èyí ló kù ní ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á, àti pé àwọn tó ń hun ún ò hun ún mọ́. Kóòtù kan, ṣòkòtò kan, ó tán.”

“Aṣọ gidi ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá ṣì í gé, ó gbé.”

“Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá fún ẹni tó ń bẹ̀rù mi.”

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí ó dà bí ẹni pé àwàdà ni. Ó fa téèpù kúrò lọ́rùn. Ikùn Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dúró síbì kan wọ̀n. Télọ̀ ní láti fi orí téèpù lé e lọ́wọ́ kí ó bá òun dì í mú, kí òun alára wá fi ẹsẹ̀ rìn yí i ká, bí ẹni tó ń so ewúrẹ́ mọ́ igi ńlá. Nígbà tó padà dé iwájú, ó wo téèpù, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tó rí sí etí tábìlì.

“Méjìdínláàádọ́ta.”

“Pa á rẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n?”

“Mo ní pa á rẹ́. Ta lò ń wọ̀n?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Èmi ti òní lò ń wọ̀n. Sátidé ni ìgbéyàwó ọmọ mi. Ṣé èmi ti òní ló ń lọ síbi ìgbéyàwó ni?”

Télọ̀ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. “Mo rò pé... ẹnì kan náà ni yín.”

“Ohun tí ń pa ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Ohun tẹ́ ẹ bá rí nìkan lẹ̀ ń wọ̀n. Wọ̀n mí bí màá ṣe rí.”

“Báwo lẹ ṣe máa rí, Ẹ̀gbọ́n?”

“Tẹ́ẹ́rẹ́.”

Télọ̀ gbójú sókè, ó wo Ẹ̀gbọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó wò ó tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Láàárín òní sí Sátidé?”

“Kí ló ṣe òní sí Sátidé? Ayé yìí lódindi, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi dá a?”

“Ìyẹn, ńṣe ni wọ́n ń fi kún un, Ẹ̀gbọ́n. Wọn ò dín in kù.”

“Wò ó, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi fún ọ. Ìwọ náà ti di ọmọ ilé wa.” Ẹ̀gbọ́n wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́. “Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú wa lọ wo gbọ̀ngàn tá a máa lò, kí èmi àti ọmọ lè kọ́ bá a ṣe máa rìn wọlé. Mo dì í lọ́wọ́ mú. A rìn. A dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ wọlé. Ọwọ́ mi wọlé. Èmi ò wọlé.”

“Ẹ̀gbọ́n ò!”

“Wọ́n ní kí n fẹ̀gbẹ́ wọlé. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọlé, ó kọ̀. Mo fi tòsì gbìyànjú. Ọkọ àbúrò mi, ikùn ò ní ẹ̀gbẹ́. Ibi tó o bá yí i sí, iwájú ni. Ni ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn bá ní kí n má ṣèyọnu, pé ẹnu ọ̀nà ńlá kan wà lẹ́yìn tí wọ́n ń gbà gbé àga wọlé.”

Télọ̀ sọ orí kodò, ó fi eyín di ètè mú. Ẹni bá fi àna rẹ́rìn-ín, ilé ni ẹ̀rín ọ̀hún ń dúró dè é.

“Ọmọ mi kan ṣoṣo. Ó wojú mi. Kò bínú o. Ó kàn rọra ní, ‘Dádì, ẹ má wulẹ̀ dààmú, mo lè dá wọlé.’” Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ gbá ẹ̀yìn ara rẹ̀. “Èmi tí mo gbé e pọ̀n! Mi ò tíì sùn dáadáa látọjọ́ náà. Mo ti sọ fún un pé Sátidé, èmi àti ẹ̀ ni, a jọ máa gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́. Mo fọwọ́ lu àyà mi.”

“Ó dùn mí o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá ń dín oúnjẹ kù.”

“Dídín kù kẹ̀? Ayé àwọn baba wa ni wọ́n ń dín oúnjẹ kù. Ìyẹn ti lọ. Èmi wà lórí ètò.”

“Ètò wo?”

“Ọkùnrin kan wà lórí fóònù mi. Ó gbẹ bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Àràárọ̀ ló ń kọ́ wa, àwa tó ń tẹ̀ lé e pọ̀ ju ará ìlú kan lọ. Òfin àkọ́kọ́ ẹ̀ rèé: oúnjẹ kì í mú ni sanra.”

“Kí ló wá ń mú ni sanra?”

“Ìjókòó. Oúnjẹ tó o bá jókòó jẹ, òun náà á jókòó sí ọ lára. Èyí tó o bá dúró jẹ, kò ní rí ibi jókòó sí. Á sọ̀ kalẹ̀, á gba ẹsẹ̀ jáde lọ.”

“Á gba ẹsẹ̀ jáde?”

“Wo ẹsẹ̀ mi.”

Télọ̀ wo ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ náà ti kún bàtà, ó sì ti ń ṣàn kúrò létí bàtà bí ìyẹ̀fun tó wú ju abọ́ lọ. “Mo rí i, sà. Ó tóbi.”

“Àbí o ò rí i? Oúnjẹ ti débẹ̀. Ó ti fẹ́ẹ́ jáde.”

“Ṣé ibi tẹ́ ẹ ti jẹun láàárọ̀ náà, ẹ ò jókòó?”

“Ta ló jẹun láàárọ̀? Mo kàn yà kí onígbàjámọ̀ ni. Ó ń jẹ iṣu. Mo dúró tì í. Mo kọjá lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe, òun àti ẹ̀wà ẹ̀. Mo dúró tì í. Ìyàwó mi ń bínú pé mi ò jókòó sídìí tábìlì mọ́, pé mò ń dúró lé àwọn ọmọ àlejò lórí bí ọlọ́pàá. Kò mọ̀ nípa ètò.” Imú Ẹ̀gbọ́n gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. “Kí ló ń ta sánsán yẹn?”

“Oúnjẹ ọ̀sán mi ni, Ẹ̀gbọ́n. Àbúrò yín ló sè é fún mi. Ẹ wá ká jọ jẹ ẹ́.” Ẹnu ló sọ bẹ́ẹ̀, ikùn kò bá a dá sí i.

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí n jẹun tó ku ọjọ́ díẹ̀? Ṣí i ná, kí n kàn rí bí ọmọ ìyá mi ṣe ń tọ́jú rẹ.”

Télọ̀ ṣí i.

“Ó ń gbìyànjú. Ẹran mẹ́ta. Gbé e sún mọ́ mi díẹ̀, mi ò gbọdọ̀ tẹ̀ ba. Tí a bá tẹ̀ ba, ìjókòó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

Télọ̀ gbé kúlà sókè dé àyà rẹ̀ bí ẹni tó gbé igbá ọrẹ. Ẹran kan fò sókè, a kò rí i mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹran lẹ jẹ yẹn.”

“Mo mọ̀. Ṣé ẹran ni oúnjẹ? Nígbà tí ìyá rẹ ń pè ọ́ láti ibi eré pé kí o wá jẹun, ṣé ẹran ló ń pè ọ́ wá jẹ?”

“Ká ní ẹran ni, ǹ bá máa tètè dé.”

“O rí i! Ẹran kàn ń sin oúnjẹ wá ni. Èmi ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ẹni tó sìn ín wá ni mo kí.”

“Ẹ tún ti kí ẹnì kejì, sà.”

“Ṣé kí n wá kí ọ̀kan, kí n gbójú fo èkejì? Irú ìwà wo nìyẹn? Ìkẹta náà ń wò mí.”

Ẹ̀gbọ́n kí ìkẹta. Télọ̀ wo ìrẹsì tó kù, ìrẹsì náà ń wò ó bí ọmọ tí òbí ẹ̀ lọ ìrìn àjò. Ó ní kí òun rọra gbé e sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ti di etí kúlà mú.

“Ìrẹsì ta nìyí?”

“Tèmi ni, sà,” ni Télọ̀ sọ kíákíá.

“Òfin kejì nìyẹn! Oúnjẹ mọ ẹni tó ni ín. Wọ́n se èyí nítorí rẹ, ìwọ ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí i. Bó bá dé inú tèmi, á wò yíká, á ní, ‘Ibí kọ́.’ Kò ní lè ṣiṣẹ́ kankan lára mi. Á kàn máa wá ọ kiri.”

“Ẹ̀gbọ́n, bó bá ń wá mi, ẹ sọ fún un pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ebi ń pa mí.”

“Má yánu. Fún mi ní ṣíbí yẹn.”

Ẹ̀gbọ́n dúró ṣánṣán bí ọmọ ogun, ó di ojú méjèèjì pa, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣíbí ń lọ, ṣíbí ń bọ̀, kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dijú, sà?”

“Ojú ló ń fẹjọ́ sun ikùn. Bí ojú ò bá rí i, ta ló fẹ́ sọ fún ikùn pé a jẹun?”

“Ọ̀fun ńkọ́? Ṣé ọ̀fun ò lè sọ ọ́?”

Ṣíbí dúró lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n la ojú kan. “Wọn ò tíì kọ́ wa débi ọ̀fun,” ó ní, ó sì dì í padà.

Nígbà tí ìrẹsì tán, Ẹ̀gbọ́n fi aṣọ ìnuwọ́ Télọ̀ nu ẹnu, ó na apá rẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ó yá, tún mi wọ̀n. Mo ti ń rí i lára mi pé ara fúyẹ́.”

Télọ̀ tún rìn yí i ká. Ìrìn náà gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó dé iwájú, ó wo téèpù, ó yí i padà, ó tún wò ó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ó ti di àádọ́ta.”

“Kí ló di àádọ́ta?”

“Ìwọ̀n yín, sà. Ó ti fi méjì lé sí i.”

“Téèpù rẹ ti sún kì.”

“Téèpù kì í sún kì, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ìgbà wo lo rà á?”

“Ó ti pẹ́, sà.”

“O ti lò ó lò ó, ó ti sún kì. Ṣé téèpù wà lórí ètò ni?”

“Rárá, sà.”

“Kò wà lórí ètò, ó sì sún kì. Èmi tí mo wà lórí ètò ńkọ́? Ronú!”

Télọ̀ ronú, òòyì sì ń kọ́ ọ, nítorí kò tíì jẹun láti òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń dà bí òótọ́ létí rẹ̀. Orí kó o yọ, fóònù Ẹ̀gbọ́n ké nínú àpò. Ẹnì kan ń béèrè ṣìmẹ́ǹtì. Ẹ̀gbọ́n bọ́ síta láti dá a lóhùn, ó gbá ilẹ̀kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbá férémù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó jáde.

Ó ku Télọ̀ nìkan. Ó gbé téèpù sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ọdún tó ti ń lò ó, kò purọ́ fún un rí. Kí ó lè dá ara rẹ̀ lójú, ó fi yí ìbàdí ara rẹ̀ ká: ọgbọ̀n géérégé, bó ṣe wà láti ìgbà tó ti gbé ìyàwó. Téèpù ò ní àìsàn kankan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ télọ̀, bó bá ti wọn nǹkan, kì í mọ̀ ju kó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ; kí ọkàn tó rántí ọwọ́, ṣọ́ọ̀kì ti kọ ọgbọ̀n sí etí tábìlì, gàdàgbà, níbi tí wọ́n ti pa ti Ẹ̀gbọ́n rẹ́. Télọ̀ ò tilẹ̀ wò ó. Inú kúlà ló ń wò, bóyá egungun kan ṣẹ́ kù.

Ẹ̀gbọ́n padà wọlé. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì. Ó dúró bí ẹni tó pàdé olóògbé.

“Kí ni mo rí yìí?”

“Kí lẹ rí, sà?”

“Ọgbọ̀n!” Ó di àyà mú. “Ọgbọ̀n! O tún téèpù ṣe ni?”

“Téèpù ò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀, Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn...”

“Dákẹ́.”

“Sà, nọ́ńbà yẹn, kì í ṣe...”

“Mo ní dákẹ́ ná. Jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀.” Omi ti lé ròrò lójú Ẹ̀gbọ́n. Ó fi orí ìka kan ṣọ́ọ̀kì náà pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ kan ojú ọmọ ọwọ́. “Mo mọ̀. Bí mo ṣe ń bọ̀ láti òde yìí, mo rí i pé ilẹ̀kùn ò fún mi tó ti tẹ́lẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tún yín wọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré.”

“Kí o lè bà á jẹ́? Ẹni tó bá ti rí ire kì í padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò.”

Kí ni Télọ̀ fẹ́ sọ? Ṣé kí ó wo ojú àna rẹ̀ tó ń ṣomi ayọ̀, kí ó ní, “Ìbàdí tẹ́ ẹ̀ ń yọ̀ lé lórí yẹn, tèmi ni”? Ọkùnrin mìíràn lè sọ ọ́. Ọkùnrin náà á sì máa dá oúnjẹ sè fún ara rẹ̀. Ibi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní eyín, Ẹ̀gbọ́n ti gbé fóònù sétí.

“Ọmọ mi! Dádì rẹ ti di ọgbọ̀n!... Rárá, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ìbàdí!... Mo wà nínú ọpọlọ mi. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó wà níwájú mi báyìí... Ọkọ àǹtí rẹ ló wọ̀n ọ́n. Sọ fún ọkọ rẹ, sọ fún àwọn òbí ẹ̀, sọ fún gbogbo àwọn tẹ́ ẹ pè pé bàbá ìyàwó wà lórí ètò, ètò sì ti jẹ́!” Ó fi ọwọ́ bo fóònù. “Ó ń sunkún. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ.”

“Láti ẹnu tèmi?”

“Gbà.”

Télọ̀ gba fóònù bí ẹni gba ẹyin iná. “Hẹ̀lóò, ọmọ wa... A dúpẹ́... Bẹ́ẹ̀ ni, ọgbọ̀n... Bẹ́ẹ̀ ni, èmi fúnra mi ni mo rí i lára téèpù... Rárá o, mi ò lè fi irú ẹ̀ purọ́ fún ọ... Àmín. Àmín, ọmọ wa.” Ó dá fóònù padà. Òógùn ń ṣàn wọ inú etí rẹ̀.

“Gé e,” ni Ẹ̀gbọ́n wí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi àyè díẹ̀ sínú ojú rírán. Nítorí ooru.”

“Kí ni ooru fẹ́ ṣe?”

“Ooru máa ń mú kí ènìyàn... fẹ̀ díẹ̀. Bí ilẹ̀kùn onírin.”

“Òfin kẹta: ọ̀rá kì í wá síbi tí kò sí àyè. Bó o bá fi àyè sílẹ̀ fún un nínú aṣọ, o ránṣẹ́ pè é nìyẹn. Á gbọ́. Ọ̀rá létí. Gé e bó ṣe wà níbẹ̀.”

Télọ̀ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ó gbé sísọ́ọ̀sì, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e. Ó wo Ẹ̀gbọ́n, bóyá á rí àmì kan pé wọ́n ń ṣeré. Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òrùlé. Ni sísọ́ọ̀sì bá wọ inú aṣọ dúdú náà. Ìró rẹ̀ dùn, bó ṣe máa ń dùn nínú aṣọ tó dára, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń gé Télọ̀ nínú.

Ó gé e tán, ó fi abẹ́rẹ́ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lójú ńláńlá, kí Ẹ̀gbọ́n lè dán an wò. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, Ẹ̀gbọ́n ti rí ọ̀rá ẹ̀pà sísè tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ti ń bó èèpo rẹ̀.

“Ẹ̀pà náà ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?”

“Mi ò jẹ ẹ́. Mò ń bá wọn ṣílẹ̀kùn ni.”

“Ibo ni wọ́n ń lọ tí wọ́n bá ti jáde?”

“Ìyẹn kan àwọn. Gbé aṣọ wá.”

Ẹ̀gbọ́n gbé aṣọ wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Kọ́tìnnì náà mi. Ó tún mi. Àpótí kan ṣubú.

“Ọkọ àbúrò mi.”

“Sà.”

“Ẹsẹ̀ mélòó lo rán sí ṣòkòtò yìí?”

“Méjì, sà.”

“Mo rí ọ̀kan. Ó gbà mí lápá.”

Kọ́tìnnì ṣí. Ẹ̀gbọ́n jáde. Ó ti yọ apá kúrò nínú ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó ti kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí i bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ṣòkòtò náà dé orúnkún, ó dúró níbẹ̀ bí àlejò tí wọn ò ní kó wọlé. Ọwọ́ kóòtù kan há sí ìgúnpá rẹ̀. Èkejì ń jù fìrì lẹ́yìn rẹ̀. Ó rọra rìn dé iwájú dígí, ní ìṣísẹ̀ kéékèèké, nítorí ṣòkòtò kò gba ńlá. Ó wo ara rẹ̀. Ó wo etí tábìlì. Ó wo Télọ̀.

“Ta ló ni ọgbọ̀n?”

Télọ̀ dọ̀bálẹ̀. Ibẹ̀ ló ti dáhùn. “Èmi ni, sà.”

“Ìwọ.”

“Mo fi ń yẹ téèpù wò ni.”

“O jẹ́ kí n pe ọmọ mi.”

“Ẹ ní kí n dákẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn ẹ̀, sà.”

“O gba fóònù, o ṣe àmín.”

“Ó ń ṣàdúrà fún mi ni! Ẹ̀gbọ́n, àna ni yín. Bí mo bá ní ìbàdí yín kọ́, ẹ ó ní mo bú yín. Bí mo bá sì ní tiyín ni, ẹ wo ibi tó gbé wa dé. Ilé kan náà ni mò ń padà sí, àbúrò yín ló mọ ìgbà tí oúnjẹ jinná níbẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n ń wo àjákù tó ṣẹ́ kù lórí tábìlì. Kò tó rán àpò. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó sì dà bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ló tún rí, tí ọmọ wà nínú, tí òun wà níta. Télọ̀ ń retí igbe, tàbí àbàrá, tàbí kí ó sáà ké pe ìyàwó òun. Gbogbo rẹ̀ ló yẹ òun.

“Wọ̀ ọ́,” ni Ẹ̀gbọ́n wí.

“Sà?”

“Fa èyí yọ lára mi, kí o wọ̀ ọ́, kí n rí i.”

Ó gbà wọ́n ní gbogbo agbára àwọn méjèèjì láti fà á yọ. Télọ̀ wọ̀ ọ́. Ó bá a mu bí èèpo pupa ṣe ń bá ẹ̀pà mu. Ẹ̀gbọ́n rìn yí i ká, bí Télọ̀ náà ti rìn yí i ká níṣàájú, ṣùgbọ́n ìrìn tiẹ̀ kò gùn.

“Gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde.”

Télọ̀ jáde.

“Wọlé padà. Na ọwọ́ òsì bí ẹni tó di ọmọ lọ́wọ́ mú.”

Télọ̀ na ọwọ́, ó wọlé. Afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, àyè ṣì ṣẹ́ kù fún ẹlòmíràn àti aṣọ gbọọrọ. Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

“Ó yẹ mí,” ó ní.

“Kí ló yẹ yín, sà?”

“Aṣọ. Wo bó ṣe yẹ mí. Mo rẹwà.”

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ló wà nínú ẹ̀.”

“Mo rí ọ. Wò ó, mo ti sọ fún ọmọ mi pé ẹni ọgbọ̀n ló ń mú un wọlé lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé o fẹ́ kí n di onírọ́ lójú ọmọ mi kan ṣoṣo?”

“Rárá, sà.”

“Ẹni ọgbọ̀n mélòó ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí?”

“Ẹnì kan.”

“Ọ̀rọ̀ parí. Ìwọ ni èmi.”

Télọ̀ wo dígí, ó wo Ẹ̀gbọ́n. “Àbúrò yín máa wà níbẹ̀ o. Ṣé kó wá máa pe ọkọ ẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n?”

“Á kúnlẹ̀ kí ọ lójú gbogbo ayé, á sì gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu láìjiyàn. Ìgbà wo ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ kẹ́yìn?”

Télọ̀ gbé ìyẹn yẹ̀ wò. Kò fẹ́ jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó na kọ́là kóòtù náà díẹ̀. “Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?”

“Màá gba ọ̀nà àga wọlé. Kẹ́ ẹ tó dé, màá ti wà nínú. Màá wá máa wo ara mi bí mo ṣe di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, tí mò ń bọ̀, tí ilẹ̀kùn ò fọwọ́ kàn mí. Baba wo ló tíì rí irú ẹ̀ rí?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn méjèèjì lára. Inú Télọ̀, tó ti ṣófo láti òwúrọ̀, kùn bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ já.

“Mo gbà, Ẹ̀gbọ́n. Ohun kan péré ni mo fẹ́ bi yín. Lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá ń pín oúnjẹ, ṣé ẹ ó bá mi sọ fún wọn kí wọ́n gbé tèmi wá sórí tábìlì bàbá ìyàwó?”

Ẹ̀gbọ́n wò ó tàánútàánú, ó sì ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀pà kan sí i.

“Oúnjẹ kẹ̀? Ta ni kò tíì gbọ́ pé bàbá ìyàwó wà lórí ètò?”